Òjé Tó Ń Lẹ̀ Mọ́ Inú Ìbọn Bàbá Mẹ́kà

Òórùn ìda oyin tó ń yọ́ pọ̀ mọ́ ọ̀rá àgùntàn ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Al-Mahjar. Apá gúúsù Jẹ́dà ni àdúgbò náà wà, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ ti ń tún ọkọ̀ ṣe, tí wọ́n ń jó irin, tí wọ́n sì ń lẹ táyà. Ọ̀rẹ́ mi kan gba ṣọ́ọ̀bù kékeré síbẹ̀. Ilẹ̀kùn méjèèjì máa ń ṣí sílẹ̀ gbayawu kí atẹ́gùn òkun lè gba inú rẹ̀ kọjá, ibẹ̀ ni àwa méjèèjì sì ti máa ń fi òjé da ọta ìbọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àlàmísì, nígbà tí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ bá ti parí.

Àwọn tó mọ̀ mí dáadáa mọ̀ pé n kì í ṣe ọdẹ. Bàbá mi àgbà ní ìbọn ṣakabùlà ní Ṣakí, ṣùgbọ́n n kò fọwọ́ kàn án rí. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ló gbé mi dé Jẹ́dà. Ilé iṣẹ́ tó ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun ló gbà mí, ẹ̀gbẹ́ ọ̀rẹ́ mi yìí ni wọ́n sì fi mí sí. Ọmọ ilẹ̀ Saudi ni, ẹlẹ́rọ ni òun náà, kì í sì í yára sọ ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ síta. Nítorí náà, lọ́jọ́ tó bá mi sọ̀rọ̀ ìbọn bàbá rẹ̀, mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

Bàbá tó bí bàbá rẹ̀ ló ni ìbọn náà nígbà ayé rẹ̀, òun ló fi ń ṣọ́ àwọn ràkúnmí rẹ̀ nínú aṣálẹ̀. Ní àkókò tí mò ń wí yìí, orúkọ bàbá ọ̀rẹ́ mi ló wà lórí ìwé àṣẹ rẹ̀. Mẹ́kà ni bàbá ń gbé, ṣùgbọ́n a kì í gbé ohun ìjà wọ ìlú náà, nítorí náà ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ayìnbọn kan lẹ́yìn odi Jẹ́dà ni wọ́n ń tọ́jú ìbọn sí. Ojú bàbá ti ń ṣe bàìbàì, ó sì tó àkókò kí ìwé àṣẹ bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ìbọn tí ọta rẹ̀ kì í lọ síbi tí a rán an mọ́ kò ju igi lọ, kí wọ́n kúkú gbé e fún ìjọba kí wọ́n gé e. Bàbá dá ẹjọ́ náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

“Kí ààwẹ̀ tó wọlé, ẹ gbé mi lọ síbẹ̀. Bó bá ṣì ń ba ohun tí a na ẹnu rẹ̀ sí, kí àbúrò gbà á. Bí kò bá bà á, kí ìjọba mú un.”

Òótọ́ kúkú ni ẹ̀gbọ́n náà sọ. Wọn kì í ta ọta irú ìbọn bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí náà ẹgbẹ́ gba ọ̀rẹ́ mi láyè kí ó máa da ọta fúnra rẹ̀, kí ó sì máa di kátíríìjì rẹ̀ lójú ẹni tí wọ́n yàn. Àwọn ọta tó bá kọ́kọ́ yìn á lọ síbi tó yẹ. Bí ó bá ṣe díẹ̀, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n káàkiri bí ọmọ adìyẹ tí àṣá já lù. Tí a bá tan iná sínú ọ̀pá ìbọn, a ó rí òjé tó ti lẹ̀ mọ́ àwọn ilà wíwọ́ tó wà nínú rẹ̀, tó ń dán bí ipa ìgbín lára ògiri. A ó wá máa fi búrọ́ọ̀ṣì tí a wé okùn bàbà tín-ín-rín mọ́ ha á, títí eérún òjé yóò fi máa já bọ́ sórí aṣọ funfun. Apá mi a máa ro mí di ọjọ́ kejì.

Àwa méjèèjì gbà pé òjé náà ló rọ̀ jù. A lọ bá àwọn tó ń lẹ táyà ní àdúgbò, a ra àwọn òjé kéékèèké tí wọ́n máa ń kàn mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, nítorí àwọn yẹn le ju òjé lásán lọ. A tún po tánganran mọ́ ọn kí ó lè le sí i. Bí a ṣe ń mú un le tó ni ó ń lẹ̀ tó. Ọ̀rẹ́ mi ò bínú, ó kàn tún gbé búrọ́ọ̀ṣì.

Nílé, ìyàwó mi tó jẹ́ dókítà kò fi ọ̀rọ̀ òjé ṣeré. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbọ́ ohun tí à ń ṣe, ó gbé ṣíbí kalẹ̀.

“Bàbá Hawáù, ẹ̀yin àti òjé ò ní jọ wọ ilé yìí. Ọpọlọ ọmọdé ló máa ń bá jà.”

Láti ọjọ́ náà, a ra ìbòmú, mo ń wẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kí n tó wọ mọ́tò, aṣọ iṣẹ́ mi kì í sì í kúrò ní Al-Mahjar. Síbẹ̀, ọmọbìnrin wa tí a bí sí Jẹ́dà sọ ara rẹ̀ di aṣọ́nà. Á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á ní, “Wárínì yáddák, yā Bābā,” pé kí n fi ọwọ́ mi han òun. Èmi á fi Yorùbá dá a lóhùn pé mo ti fọ̀ ọ́. Á gbóòórùn rẹ̀ ná, kí ó tó jẹ́ kí n gbé e.

Nígbà tí ààwẹ̀ ń sún mọ́lé, a lọ kí bàbá ní Mẹ́kà. Ó fi kọfí àti dàbínù ṣe wá lálejò, ó sì ní kí n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òun gan-an. Muhandis ló ń pè mí, ìyẹn ẹlẹ́rọ. Ó ní òun rántí pé bàbá òun máa ń fi ọ̀rá àgùntàn àti ìda oyin pa ọta lára kí ó tó kì í. Nígbà tí a dé Jẹ́dà, a ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dín lílẹ̀ náà kù, kò wò ó sàn.

Ibi iṣẹ́ ni ojútùú ti yọ sí mi. Wọ́n pè mí síbi fáàfù kan tó ń jò, èyí tí ooru omi gbígbóná ń gbà kọjá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ọmọ inú rẹ̀ ni, irin tó le gan-an ni wọ́n sì fi ṣe é. Nígbà tí a tú u, mo rí i pé ó fi díẹ̀ kéré sí ihò tó yẹ kó dí. Ooru ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sá jáde, ó sì ti gbẹ́ irin bí ìgbà tí omi òjò gbẹ́ ojú ọ̀nà. Mo dúró, mò ń wò ó. Lẹ́yìn náà ni mo lọ wá ọ̀rẹ́ mi rí.

“Ọta wa ò rọ̀ jù,” ni mo wí. “Ó kéré ni. Iná ẹ̀tù ló ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, tó ń yọ́ ọ, tó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin.”

“Ṣùgbọ́n bí ìwé ìbọn náà ṣe wí ni ọta náà ṣe fẹ̀.”

“Ìwé ò yin ìbọn yín láti ayé bàbá àgbà yín. Ṣé a wọn ihò rẹ̀ rí?”

A ò wọ̀n ọ́n rí. Mo pa òwe ilé wa fún un, pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Àlàmísì, a lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́, a ha inú ìbọn náà títí kò fi ku òjé kankan, a wá rọra ti kókó òjé rírọ̀ gba inú rẹ̀ já, a sì wọ̀n ọ́n. Ìlò ọdún pípẹ́ ti jẹ inú ọ̀pá náà, ó ti fẹ̀ ju ti inú ìwé lọ. Ọ̀rẹ́ mi gbé mọ́ọ̀dù wa, ìyẹn irin tí a fi ń da ọta, fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, wọ́n bá wa fẹ̀ ẹ́ díẹ̀. A padà sí òjé tó rọ̀, a fi ìda àti ọ̀rá pa á. Lẹ́yìn tí a dán an wò, aṣọ funfun tí a tì gba inú ìbọn jáde pẹ̀lú èéfín dúdú nìkan. Kò sí ohun tó ń dán lára rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ká aṣọ náà, ó fi í sápò.

Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló fi ọkọ̀ gbé bàbá láti Mẹ́kà wá sọ́dọ̀ ẹgbẹ́. Wọ́n gbé àga sí ibòji fún un, wọ́n sì fi ìbòtí bò ó létí. Ọ̀rẹ́ mi yìn, ó sinmi, ó tún yìn, ó ń bá a lọ títí a fi kọjá ibi tí ọta máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló rìn lọ mú pátákó tí a yìn ín sí wá, ó sì gbé e lé bàbá lẹ́sẹ̀. Ojú bàbá kò lè rí i, ó wá ń fi ìka wá àwọn ihò náà kiri. Nígbà tó rí gbogbo wọn tán, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé wọn, ọwọ́ kan ṣoṣo sì bò wọ́n.

“Ìbọn rẹ nìyí,” ni ó wí fún àbúrò.

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí mi. “Kí lẹ ṣe sí i?” Mo ṣàlàyé fún un. Ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, ó wá lọ bọ àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́.

Bàbá gba ààwẹ̀ ọdún náà àti ti ọdún tó tẹ̀lé e, kí ó tó kú ní ìrọ̀rùn. Mẹ́kà ni wọ́n sin ín sí. Mo wakọ̀ lọ, mo sì dúró lẹ́yìn láàárín àwọn tó wá kẹ́dùn, nítorí mo rò pé àyè mi nìyẹn. Àwọn ọmọ olóògbé ti tò lẹ́sẹẹsẹ, àwọn èèyàn ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n rí mi lọ́ọ̀ọ́kán. Ó kúrò lórí ìlà, ó wá di ọwọ́ mi mú, ó fà mí lọ dúró láàárín òun àti ọ̀rẹ́ mi. Àgbàlagbà kan bọ̀ mí lọ́wọ́, ó wojú mi, ó wá bi ẹ̀gbọ́n pé ta ni mí.

“Ọmọ wa ni,” ni ó dá a lóhùn.

Iṣẹ́ àdéhùn ni mo bá dé Jẹ́dà, mo sì ti máa ń sọ fún ìyàwó mi pé lọ́jọ́ tí àdéhùn bá parí, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ pé a gbé ibẹ̀ rí. Lọ́jọ́ náà, mo dúró lórí ìlà títí ẹni ìkẹyìn fi bọ̀ mí lọ́wọ́. Bí mo ṣe ń wakọ̀ padà sílé, n kò lè sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́, n kò sì tún sọ ọ́ láti ìgbà náà.