Àmì Pupa Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àpáta Òde

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í purọ́. Tí mo bá rán aṣọ fún un, tí mo sì bi í bóyá ó dára, kò ní wo ojú mi kó tó sọ pé apá kan gùn ju èkejì lọ. Èmi aránṣọ ni mò ń sọ fún oníbàárà pé aṣọ rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ tán, nígbà tí mi ò tíì gé e rárá. Òun ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Ìdí nìyẹn tí irọ́ kan ṣoṣo tó pa láyé rẹ̀ fi wúwo tó bẹ́ẹ̀ lọ́rùn rẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa tọ́jú ìràwọ̀ òkun. Kì í ṣe tojú ọ̀run o. Ẹranko ni wọ́n, ìsàlẹ̀ òkun ni wọ́n ń gbé, wọn ò lórí, wọn ò lẹ́jẹ̀, ẹnu wọn wà lábẹ́ ikùn, apá sì yọ yí wọn ká. Ilé ìpamọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ jẹ́ ilé gígùn kan tí fèrèsé rẹ̀ kéré, tí òórùn ọtí líle tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú àwọn ẹranko yìí nínú ìgò ti wọ ògiri rẹ̀ lára. Pẹpẹ ga dé òrùlé, ìgò wà lórí pẹpẹ, ìràwọ̀ wà nínú ìgò. Ẹ̀gbọ́n mi á bu ọtí kún èyí tó bá ń gbẹ, á nu eruku, á wò ó bóyá ọmọrí ìgò ṣì le. Ìyá Ìràwọ̀ ni gbogbo wọn ń pè é níbẹ̀, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju bó ṣe ń fi hàn lọ.

Ó gbìyànjú láti kọ́ mi. Ó ní ẹsẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ máa wò. Lábẹ́ apá ìràwọ̀ òkun ni ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ wà, wọ́n rọ̀, wọ́n sì pọ̀ bí òwú tó yọ létí aṣọ tí wọn ò tíì ká etí rẹ̀. Ìdílé kan wà tí orí ẹsẹ̀ wọn pẹlẹbẹ, tó ń lẹ̀ mọ́ àpáta débi pé ìgbì ò lè ṣí wọn nídìí. Ìdílé mìíràn wà tí ẹsẹ̀ tiwọn rí ṣóńṣó, tí kò lè di àpáta mú. Iyanrìn ni àwọn yẹn ń gbẹ́, tí wọ́n á sì bo ara wọn mọ́ ibẹ̀.

"Oníyanrìn kì í gbé orí àpáta," ló máa ń wí.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo wọn ló jọra lójú mi o."

"Ojú tó ń wo ihò abẹ́rẹ́ látàárọ̀, kí ló fẹ́ rí?"

Tí wọ́n bá ti mọ ìdílé, ó ku ibùgbé. Gbogbo òkun ayé ni ìràwọ̀ òkun wà, láti etí omi tí ọmọdé ti ń ṣeré títí dé ọ̀gbun tí oòrùn ò dé, nínú omi tútù àti nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ ò kàn ní rí ẹyọ kan nínú odò tí kò níyọ̀ ni. Síbẹ̀ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó bá a lára mu, torí náà ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ló ní máàpù tirẹ̀ lára ògiri ilé ìpamọ́, tí wọ́n ń lẹ àmì pupa mọ́ gbogbo ibi tí wọ́n bá ti rí i. Òfin wọn ò sì láàánú: ìràwọ̀ tí wọn ò bá mọ ibi tí wọ́n ti mú un kò gbọdọ̀ gbé orí pẹpẹ. Inú àpótí àfọwọ́kàn ni wọ́n ń kó irú wọn sí, káwọn ọmọ ilé ìwé máa rí wọn fọwọ́ kàn, títí apá wọn á fi kán tán.

Ọkọ rẹ̀ ni òmùwẹ̀ ilé ìpamọ́ náà. Ọkùnrin gàgàrà ni, ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ ohun tó fẹ́ fi pa wá lẹ́rìn-ín, a ò sì ní mọ ohun tí à ń bá a rín. Kò fẹ́ràn kó máa kọ̀wé. Ó ní ọwọ́ tútù ò bá pẹ́ńsù ṣọ̀rẹ́. Tó bá ti òkun dé, á jókòó sórí àpótí kékeré kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà, omi á máa kán lára rẹ̀, á máa fa ìràwọ̀ yọ níkọ̀ọ̀kan, á sì máa sọ ibi tó ti mú un fún ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó ló ń kọ ọ́. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ní irú ọ̀nà wo nìyẹn, ṣùgbọ́n kò ṣì í sọ rí, ẹ̀gbọ́n mi náà ò sì fẹ́ kó yí i padà. Lójú tèmi, bí àwọn méjèèjì ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ ìfẹ́ nìyẹn.

Ìrìn àjò ìkẹyìn rẹ̀ gùn. Ọkọ̀ ojú omi wọn ń gba etíkun lọ, wọ́n ń dúró níbi púpọ̀, Àpáta Òde ni wọ́n sì fi parí rẹ̀. Àpáta dúdú tó wà lójú agbami ni, ihò pọ̀ lábẹ́ rẹ̀, omi sì ń yí po nínú ihò náà bí ohun tí wọ́n ń rò nínú ìkòkò. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi wọ inú ihò náà, kò jáde mọ́. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí òkú rẹ̀. Awakọ̀ kó ẹrù rẹ̀ padà wálé, àpò àwọ̀n kan wà lára ẹrù náà, ìràwọ̀ òkun kan ṣoṣo sì wà nínú rẹ̀. Ìdí ẹ́ńjìnnì ni awakọ̀ máa ń wà, kò mọ ibi tí òmùwẹ̀ ti mú un. Oníyanrìn ni.

Ẹ̀gbọ́n mi kọ Àpáta Òde sára ìgò rẹ̀ bí ibi tí wọ́n ti mú un. Ó gbé e sórí pẹpẹ, ó lẹ àmì pupa mọ́ máàpù, ó sì wá sọ fún mi.

"Àbúrò mi, kò sí sàréè," ló wí. "Níbo ni kí n máa wò?"

Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Títí dòní mo ṣì ní ó dáa. Ọ̀gá wọn rí ẹsẹ̀ ṣóńṣó yẹn, ó rí ibi tí wọ́n kọ sí i, ó wo ojú opó, ó sì panu mọ́. Láti ìgbà náà, kí ẹ̀gbọ́n mi tó so épírọ́ọ̀nù mọ́dìí láàárọ̀, á kọ́kọ́ lọ dúró síwájú máàpù yẹn, á fi ìka kan àmì náà. Tí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣá, á fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ẹni tó pa òwe yẹn ò ro ti opó mọ́ ọn.

Ọjọ́ tí òtítọ́ máa bá a dé, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ló gbé e wá, ọmọ tó lọ́yàyà, tó ń kí tàgbà tèwe. Ìdílé oníyanrìn ló ń kọ́ nípa rẹ̀, òmùwẹ̀ sì lòun náà. Ó rí máàpù, ló bá ń fò sókè.

"Ìyá, ẹ wò ó! Ibi tí omi ti dákẹ́ ni gbogbo àwọn yòókù wà. Ọ̀kan yìí nìkan ló wà lórí àpáta. Á jẹ́ pé iyanrìn wà nínú ihò ibẹ̀, àbí kó jẹ́ ẹ̀yà tuntun! Màá wọ inú ihò yẹn lọ wò ó."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń ṣa abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀.

"Ó fẹ́ lọ wẹ̀ ní Àpáta Òde," ló ní.

"Ẹ sọ fún un pé omi ibẹ̀ burú."

"Mo ti sọ. Ó ní òun mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ọkọ mi ńkọ́, ṣé kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ ni?"

Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ, àwa méjèèjì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo tún mọ̀ pé tó bá jẹ́wọ́, wọ́n á yọ àmì yẹn, ìràwọ̀ náà á sì kúrò lórí pẹpẹ. Inú bí mi. Mo ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kó lọ ni? Ìgbéraga ló ń dà á láàmú. Ẹ jẹ́ kó wá ibòmíì fi ọgbọ́n rẹ̀ hàn!"

Ó wò mí. "Ó ní ìyá nílé," ló ní.

Lọ́jọ́ kejì mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo sì bá a lọ.

Ó dúró síwájú ọ̀gá àti ọmọ yẹn, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ tó fẹ́ gba ìyà. "Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti mú un," ló ní. "Irọ́ ni mo kọ. Àpáta Òde lọkọ mi kú sí."

Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Mo mọ̀, Ìyá Ìràwọ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé e sórí pẹpẹ ni mo ti mọ̀."

Omijé lé ròrò sójú akẹ́kọ̀ọ́bìnrin. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má yọ ọ́. Mi ò lọ mọ́, mo búra. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ìwọ ò lọ mọ́. Ẹlòmíì ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀la, òun náà á rí i," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Èékánná ló fi ṣí àmì náà. Kò fẹ́ tètè kúrò, torí ó ti lẹ̀ mọ́ máàpù gan-an. Máàpù ti pọ́n, ṣùgbọ́n ojú ibi tí àmì náà wà ṣì funfun. Ó ká àmì náà mọ́ ìka, ó sì fi sápò. Mi ò sunkún nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, torí ẹnì kan gbọ́dọ̀ dì í mú. Ọjọ́ yẹn ni mo sun ún.

Òun fúnra rẹ̀ ló yọ ìràwọ̀ náà kúrò nínú ọtí, tó sá a gbẹ, tó sì gbé e sínú àpótí àfọwọ́kàn. Mo ní kó gbé e lọ sílé, ọ̀gá náà ní kó gbé e. Ó kọ̀. Ó ní ibi tí wọ́n ń kó irú rẹ̀ sí nìyẹn.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé kan wá. Wọ́n fọwọ́ pa á títí, wọ́n pariwo, wọ́n kọjá sídìí nǹkan mìíràn. Olùkọ́ tó kó wọn wá dúró sẹ́yìn, ó gbé ìràwọ̀ náà, ó yí i padà.

"Ẹ jọ̀wọ́ mà, níbo ni wọ́n ti mú eléyìí?"

Ẹ̀gbọ́n mi wo àpótí kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé mọ́.

"Mi ò mọ̀," ló ní. "Ọkọ mi ló mú un wá. Mo ṣì ń retí kó wá sọ fún mi."