Igbó Etí Oko Tí Mo Dáná Sun

Òórùn kẹrosíìnì ni mo fi ń rántí Madina lẹ́bàá Accra. Àwọn mìíràn á ní òórùn ẹran yíyan ní Zongo, àdúgbò àwọn àlejò, ni, tàbí ti eruku pupa tó ń tẹ̀lé ọkọ̀ wọ ìlú. Tèmi, kẹrosíìnì ni, pẹ̀lú ewé tútù tó ń jó àti afárá oyin tó ń yọ́ nínú kùkùté igi gbígbẹ kan. Kí n tètè fi ẹnu ara mi sọ ọ́, kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: èmi ni mo da kẹrosíìnì náà. Ẹnikẹ́ni kò rán mi níṣẹ́.

Àsíá òmìnira Ghana ṣì ń dán lórí òpó nígbà yẹn. Madina kò tíì rí bí o ṣe mọ̀ ọ́n yìí. Ilé díẹ̀ ni, oko ni gbogbo ìyókù. Mo ní ìsọ̀ kékeré kan ní Tudu, ibùdókọ̀ kan ní Accra, níbi tí mo ti ń ta ọṣẹ, ìṣáná, sádìnnì àti kẹrosíìnì fún àwọn èrò ọkọ̀. Ìyàwó mi, tí wọ́n bí sí Accra, tó gbọ́ èdè Gá bí ẹni tó mu ún mọ́ ọmú, ló lọ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ìyá arúgbó Gá kan létí Madina, láti máa gbin elégédé àti ẹ̀gúsí. Àdéhùn wọn kò le. Nígbà ìkórè, a ó gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ fún ìyá onílẹ̀: elégédé tó tóbi jù nínú oko. Ọdún tí ìṣákọ́lẹ̀ ò bá dé, ilẹ̀ di ti ẹlòmíràn. Ẹni tó sì ń retí ọdún náà kò jìnnà. Ará ilé wa kan tó ń mọ búlọ́ọ̀kù tà ni, tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára oko wa, nítorí ó ń wá ibi tí yóò máa sá búlọ́ọ̀kù rẹ̀ sí.

Igbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà létí oko náà tí ẹnikẹ́ni kì í ro, láti ojú títì títí dé ìdí òkìtì ọ̀gán kan. Igi gbígbẹ wà níbẹ̀, òdòdó tí n kò mọ orúkọ wọn wà níbẹ̀, kòkòrò sì kún un. Oyin ń gbé inú kùkùté. Àwọn dúdú kéékèèké tí kì í ta èèyàn wà, àfi kí wọ́n ṣáà máa há síni nírun. Àwọn dúdú ńláńlá tí ń gbẹ́ ihò sínú igi náà wà, tí ohùn wọn dà bí alùpùpù tó ń gun òkè. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bá ìyàwó mi dé oko, oyin kan ṣoṣo gba ọrùn dàńṣíkí mi wọlé. Mo sá. Mo fi fìlà sílẹ̀, mo fi bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, mo já sójú títì. Tro-tro kan dúró, awakọ̀ rò pé èrò ni mí. Ojú tì mí láti sọ pé èrò kọ́, ni mo bá wọlé, mo sanwó dé Tudu. Kí ilẹ̀ tó ṣú, oníbúlọ́ọ̀kù, tó rí mi nígbà tí mo ń sá, ti rò ó fún gbogbo ilé tí a ń gbé ní Adabraka.

Ìtìjú yìí ló gbé mi padà síbẹ̀ pẹ̀lú agolo kẹrosíìnì. Mò ń sọ ọ́ fún ara mi lójú ọ̀nà pé bí òyìnbó tó ní ìbọn bá lè kó ẹrù rẹ̀ lọ, kí ni oyin ń jẹ́? Mo dáná sun igbó náà bí ẹni tó ń gba òmìnira. Ṣùgbọ́n ahun ni mí, ìdajì agolo ni mo gbé wá, ó sì tán kí n tó dé ìdí ọ̀gán. Mo gbọn ọwọ́ mi, mo ní ìyẹn náà tó. Nígbà tí ìyàwó mi dé, tó rí eérú, ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, “Ẹ kú ogun o.”

Ìgbà tó ṣe, elégédé wa tanná. Òdòdó rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó bo ilẹ̀ lọ súà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kéékèèké tó wà nídìí òdòdó, tí wọn kò ju àtàǹpàkò lọ, ń pọ́n, wọ́n ń rà, wọ́n ń já bọ́. Elégédé kò dúró. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ọwọ́ ìyàwó mi kò dára fún ọ̀gbìn. Àwọn kan ní iṣẹ́ ayé ni. Oníbúlọ́ọ̀kù ní ilẹ̀ ló ti rẹ̀, kí a jẹ́ kó sinmi lábẹ́ búlọ́ọ̀kù. Ìdájí ni ìyàwó mi máa ń lọ rìn yí oko náà po, títí ó fi pè mí lọ́jọ́ kan pé kí n wá wo nǹkan.

Ní ìdí ọ̀gán, níbi tí kẹrosíìnì mi ti tán, elégédé jókòó bí àgbà nínú ìpàdé. Irúgbìn kan náà ni, ọkọ́ kan náà, òjò kan náà. A lóṣòó, èmi lẹ́yìn rẹ̀, o kúkú mọ ìdí. Oyin ń ti inú igbó kékeré tó ṣẹ́kù jáde. Wọ́n ń kó sínú òdòdó akọ, èyí tí kò ní ọmọ nídìí, wọ́n ń jáde pẹ̀lú ìyẹ̀fun òdòdó lẹ́yìn wọn, wọ́n sì ń gbé e wọ inú abo. Abo tí wọ́n bá wọ̀, ọmọ rẹ̀ á dúró. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá yà kí, á já bọ́. Kí oòrùn tó mú, òdòdó á pa dé, ọjọ́ iṣẹ́ á sì tán. Nígbà tí elégédé kò bá sì tanná, àwọn òdòdó aláìlórúkọ inú igbó yẹn ni wọ́n ń jẹ. Mo wá mọ̀ pé ilé àti ilé ìdáná àwọn alágbàṣe mi ni mo sun, lẹ́yìn náà ni mo ń bínú pé wọn kò wá síbi iṣẹ́.

A ní kí á fi ọwọ́ ṣe ìyókù. Mo di oyin. Mo ń já òdòdó akọ, mo ń fi ra abo lójú, mo ń dọ̀bálẹ̀ fún elégédé ní kùtùkùtù bí àna tuntun. Kí a tó ṣe ebè díẹ̀, òdòdó ti pa dé, ẹ̀yìn mi sì ti kọ̀.

Nígbà tí ìkórè dé, ìyá onílẹ̀ ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wo oko. Oníbúlọ́ọ̀kù ti gbọ́ pé ó ń bọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló kó àwọn alágbàṣe dé pẹ̀lú àdá, láti ṣá igbó tó ṣẹ́kù. Ó ní òun ń bá wa tún ibẹ̀ ṣe ni, pé ìlú tó gba òmìnira kì í fi igbó ṣe ọ̀ṣọ́. Ìyàwó mi dúró sí iwájú wọn, ó bi í pé àṣẹ ta ni.

Oníbúlọ́ọ̀kù rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kí ọkọ yín sọ̀rọ̀. Àbí ó ti wọ tro-tro lọ?”

N kò mọ ohun tó gbé mi. Mo rìn wọ inú igbó náà, mo jókòó sórí òkìtì ọ̀gán, oyin ń kùn létí mi, mo fi ọwọ́ méjèèjì di òkìtì náà mú. Mo ní, “Wá ṣá a. Èmi ni kí o kọ́kọ́ ṣá.” Ó wù mí kí n sọ fún ọ pé ohùn mi bú bí ti kìnnìún. Bí ti òròmọdìyẹ ló jáde. Ṣùgbọ́n n kò dìde. Àwọn alágbàṣe wo oyin tó bà sórí fìlà mi, wọ́n wo ara wọn, wọ́n fi àdá sílẹ̀. Ọ̀kan ní igbó ni wọ́n pe àwọn wá ṣá, wọn kò sọ pé wèrè wà nínú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìyá onílẹ̀ bá wa. Oníbúlọ́ọ̀kù sáré lọ pàdé rẹ̀: ilẹ̀ ti bàjẹ́, elégédé kò so, ibùgbé ejò ni igbó yìí, kí wọ́n jẹ́ kí òun sun ún. Ìyàwó mi kúnlẹ̀, ó pè é ní Awo, bí wọ́n ti ń pe ìyá lédè Gá, ó sì ro gbogbo rẹ̀ láìfi ìkankan pamọ́. Kò fi kẹrosíìnì mi pamọ́ rárá. Lẹ́yìn náà ló gbé elégédé tó tóbi jù sí ẹsẹ̀ màmá. Màmá bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kàn án, ó béèrè ibi tó ti so. Ìyàwó mi nawọ́ sí ọ̀dọ̀ mi lórí ọ̀gán.

Títí dòní ni mo ń bẹ̀rù oyin. N kò parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n mo ti dáko níbi púpọ̀ láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá sì dé pẹ̀lú àdá tàbí oògùn pé òun fẹ́ bá mi fọ igbó etí oko mi mọ́, orí òkìtì ni yóò bá mi. Jẹ́ kí ẹ̀rù máa bà mí. Ìdí kò ní kúrò. Gá tí mo gbọ́ nígbà náà kò pọ̀, àmọ́ ohun tí màmá yíjú sọ fún oníbúlọ́ọ̀kù yé mi yékéyéké.

Ó ní, “Àwọn tó ń fò yìí ti wà lórí ilẹ̀ mi kí wọ́n tó bí mi. Ìṣákọ́lẹ̀ wọn ọdún yìí ló wà lẹ́sẹ̀ mi yìí. N kì í lé ẹni tó bá san tirẹ̀. Ìwọ, kí lo gbé wá?”