Ọtí Tí Nóra Tọ́ Wò fún Ọkọ Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí kalẹ̀ dáadáa, ẹ jẹ́ kí n ro ohun tójú mi rí lọ́wọ́ bíà fún yín. Ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún mi o, mi ò mutí yó! Owú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí ti mọ̀ pé mo fẹ́ràn bíà, mi ò fi ṣe bòókẹ́lẹ́. Èmi àti ọkọ mi, Daddy Mofẹ́, la jọ máa ń mu ún. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ Fúráìdeè, tí mo bá ti dé láti Ìlárá níbi tí mo ti ń kọ́ni, a ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wa níbí ní Ṣàgámù. Èmi á dín ìgbín, òun á ṣí stáòtù tó tutù, a ó wá máa ṣe òfófó àwọn èèyàn. Ṣé ẹ mọ̀ pé èmi ni mo kọ́ ọ ní stáòtù mímu? Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì pọ́ńbélé ni nígbà tá a pàdé.

(Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa pe ọkọ mi ní "wọ́n" nínú ìtàn yìí. Inú tó bí mi ni kò jẹ́. Ẹ forí jì mí.)

Nígbà tó wá lọ kàwé sí i ní Ireland fún ọdún kan, Fúráìdeè di ọjọ́ tí mo kórìíra jù lọ. Màá wo àga rẹ̀, màá sì dá stáòtù padà sínú fíríìjì. Kí ni mo fẹ́ dá mu?

Ó parí, ó padà wálé. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin nínú kíláàsì. Fúráìdeè àkọ́kọ́ pé, mo dín ìgbín, mo gbé stáòtù kalẹ̀. Ọkọ mi da díẹ̀ sínú kọ́ọ̀pù. Ó gbé e sókè, ó wò ó nínú ìmọ́lẹ̀. Ó fi imú sí i bí ẹni tó ń wò ó bóyá ọbẹ̀ ti kan. Ó tọ́ ọ wò, ó wá ń mi orí.

Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní kò burú, ó kàn dùn jù ni, ó sì tún le jù. Ó ní Nóra sọ pé tí èèyàn bá gbé stáòtù gidi mì, ó yẹ kó máa gbọ́ adùn kọfí lẹ́yìn ọ̀fun.

Ta ni Nóra?

Ó ní obìnrin tó ń ta ọtí ní pọ́ọ̀bù kan nítòsí ilé tí òun gbé ní Galway ni. Ó ní pọ́ọ̀bù dà bíi bíà pálọ̀ tiwa, àmọ́ pákó ni gbogbo inú rẹ̀, iná ń jó nínú ààrò lápá kan, ajá sì ń sùn lábẹ́ tábìlì, ẹnì kan ò lé e. Ó ní bíà ibẹ̀ kì í ṣe ti kọ́ńpìnnì ńlá. Àwọn oníṣòwò kéékèèké ló ń fọwọ́ ara wọn pọn ọ́n, kíráàfútì bíà ni wọ́n ń pè é, ti ọ̀sẹ̀ yìí kì í jọ ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nóra ló kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń tọ́ wọn wò, tí wọ́n sì ń fi wọ́n wéra.

Mo ní ó dáa. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ mọ irú ẹ̀rín yẹn.

Láti ọjọ́ yẹn ni Nóra ti kó wọ ilé wa. Tá a bá ń jẹun, Nóra sọ pé. Tá a bá wà nínú mọ́tò, Nóra sọ pé. A lọ kí ìyá mi ní Ìkẹ́nẹ́, wọ́n gbé ẹmu fún wa, ọkọ mi ní ẹmu náà jọ bíà kíkan kan tí àwọn máa ń mu. "Àwọn" wo? Mo fẹ́ mọ àwọn tó ń jẹ́ "àwọn"!

Ló bá tún ní òun fẹ́ máa pọn bíà nílé. Ó ra ìkòkò ńlá, ó gba kíṣìnì mi. Kò rí ọkà bálì, ó lo ọkà bàbà tó ti hù. Kò rí ewé kíkorò tí wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, ó lọ ra orógbó ní Sábó, ó gún un sí i. Nóra ló sì ń kọ́ ọ ní gbogbo rẹ̀ lórí fídíò. Èmi á dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, màá máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín. Irú ẹ̀rín yẹn, ó ti pẹ́ tó ti rín in fún èmi o.

Àkọ́kọ́ tó pọn bú gbàmù, ó ba àjà ilé mi jẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run níkọ̀kọ̀. Ìkejì ńkọ́? Mo tọ́ ọ wò, mo sì fẹ́ kó burú. Kò burú! Ìkorò orógbó yẹn rọra ń bọ̀ lẹ́yìn, ó sì ń mú kéèyàn fẹ́ mu sí i. Ohun tó bí mi nínú jù nìyẹn. Ọtí tí obìnrin mìíràn kọ́ ọkọ mi ni mo ń mu, mo sì ń la ètè.

Mo fẹjọ́ sun ìyá mi. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀. Wọ́n ní, "Ọkùnrin tó bá ń dárúkọ obìnrin ní gbangba kò tíì fi nǹkan kan pamọ́. Ọjọ́ tí kò bá dárúkọ ẹ̀ mọ́ ni kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a." Mo ní mo gbọ́, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún parí, iléèwé ọkọ mi ní Galway ní kó wá gba ìwé ẹ̀rí ẹ̀. Ó ní òun lè dá lọ. Mo ní rárá o, a ó jọ lọ ni. Mo fẹ́ fojú mi rí Nóra, kí n mọ ohun tí mò ń bá jà. Mo tiẹ̀ ti ń gbàdúrà pé kó jẹ́ ìyá arúgbó kan tí eyín ẹ̀ ti yọ tán.

A dé Galway. Òtútù ibẹ̀ ń géni jẹ! Ọjọ́ tí wọ́n fún ọkọ mi níwèé ẹ̀rí, mo wọ ìró àti bùbá mi, mo we gèlè, mo fi kóòtù bò ó, mo sì rin ìrìn mi bí ìyàwó ẹni tó gboyè. Nígbà tá a ṣe tán, ó ní ká yà ní pọ́ọ̀bù.

Ọlọ́run ò gbọ́ àdúrà mi. Nóra kì í ṣe arúgbó. Irun ẹ̀ pupa bí epo, ó wálẹ̀ dé èjìká, eyín ẹ̀ pé, ìbàdí ẹ̀ rèé bíńtín. Bó ṣe rí ọkọ mi ló sáré jáde látẹ̀yìn káńtà tó dì mọ́ ọn. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú gèlè mi.

Ọkọ mi wá nawọ́ sí mi. Ó ní, "Fúnkẹ́ nìyí, láti ilé."

Láti ilé kẹ̀! Ṣé gbogbo ará Ṣàgámù kọ́ ló wá láti ilé ni? Mo wò ó, kò wojú mi. Mo ní bóyá gèésì ló dàrú mọ́ ọn lẹ́nu. Mo jókòó.

Nóra to kọ́ọ̀pù kéékèèké sórí pákó pẹlẹbẹ kan, ó gbé e síwájú wa. Ẹ jẹ́ kí n sòótọ́, kò sí irọ́ nínú owú mi: àwọn ọtí yẹn dáa. Ọ̀kan funfun díẹ̀, ó ń ta sánsán bí èèpo ọsàn. Ọ̀kan pupa, ó ní adùn ṣúgà tó ti jóná díẹ̀. Ọ̀kan kan gógó bí ẹmu tó sùn, ìyẹn gan-an lọkọ mi sọ ní Ìkẹ́nẹ́. Èyí tó dúdú ńkọ́? Kò dùn bíi tiwa, kò sì le bíi tiwa, àmọ́ bí mo ṣe gbé e mì tán, kọfí! Kọfí tí Nóra sọ! Mi ò jẹ́ kó hàn lójú mi.

Bá a ṣe ń mu ún ni Nóra sọ pé tuntun kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lọ́jọ́ náà. Ó fa díẹ̀ sínú kọ́ọ̀pù, ó tọ́ ọ wò, ó ronú, ó mi orí pé ó dáa. Ló bá gbé kọ́ọ̀pù náà gan-an, èyí tó fẹnu kàn, fún ọkọ mi. Ọkọ mi gbà á, ó dijú, ó mu ún.

Orí mi gbóná.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Nílẹ̀ wa, ta ló ń tọ́ ọtí wò fún ọkùnrin kó tó gbé e fún un? Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa ní Ìkẹ́nẹ́, lójú ẹbí ọ̀tún àti tòsì, èmi ni mo kúnlẹ̀, mo tọ́ ọtí wò kí gbogbo ayé lè rí i pé kò sí nǹkan nínú ẹ̀, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Daddy Mofẹ́. Iṣẹ́ ìyàwó ni! Níṣojú mi báyìí, obìnrin mìíràn ń tọ́ ọtí ọkọ mi wò!

Mi ò ronú ẹ̀ẹ̀mejì. Mo gbé kọ́ọ̀pù tó dúdú yẹn, mo dìde, mo lọ síwájú ọkọ mi. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ pákó, orúnkún méjèèjì, pẹ̀lú gèlè, pẹ̀lú báàgì léjìká. Mo tọ́ ọ wò. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè, mo ní, "Daddy Mofẹ́, ọtí yín rèé."

Gbogbo pọ́ọ̀bù yíjú sí wa. Ajá pàápàá jí.

Bàbá kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Kí n tó mọ̀, gbogbo wọn ti dìde, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń yọ fóònù, wọ́n ń sọ fún ọkọ mi pé kó ní bẹ́ẹ̀ ni, kó ní bẹ́ẹ̀ ni! Mo ń wò wọ́n bí ẹni tó sọ nù. Bẹ́ẹ̀ ni sí kí ni? Ọkọ mi tẹ̀ sí etí mi, òógùn ti bò ó nínú òtútù yẹn. Ó ní kí n jọ̀ọ́ dìde, pé ní ilẹ̀ wọn, ẹni tó bá kúnlẹ̀ síwájú ẹlòmíràn ní gbangba báyìí, ó ń sọ pé kó wá fẹ́ òun ni.

Mo ní, "Ṣé ẹ ò tíì fẹ́ mi ni?"

Ibẹ̀ la wà tí Nóra fi dé. Omijé wà lójú ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó gbá ọkọ mi léjìká, ó ní òṣìkà ni, pé odindi ọdún kan ló fi jókòó síwájú òun, kò sọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo pé òun ní ẹni tí òun ń fẹ́.

Ẹ gbọ́ mi. Mo wojú obìnrin yẹn, inú ẹ̀ ń dùn fún mi, tọkàntọkàn ni. Kò sí nǹkan kan láàárín wọn. Ó yẹ kí ara tù mí, àbí? Àmọ́ ṣe ni nǹkan já nínú mi. Mo mọ orúkọ Nóra. Mo mọ orúkọ ajá Nóra! Nóra ò mọ̀ pé mo wà láyé. Kò mọ Mofẹ́. Ìyá mi ti kọ́ mi pé kí n máa ṣọ́ orúkọ tí ọkọ mi bá dá nílé. Wọn ò sọ fún mi pé kí n béèrè bóyá ó ń dá tèmi níta.

Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo rọra bi í ní Yorùbá pé, "Ta lẹ sọ pé ẹ jẹ́ fún wọn níbí?"

Ó wò mí, ó wo Nóra, ó tún wò mí. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, òun náà kúnlẹ̀, ó gba kọ́ọ̀pù lọ́wọ́ mi, ó mu ún tán pátá. Ó dìde, ó fa èmi náà dìde, ó sì sọ fún gbogbo wọn ní gèésì pé ìyàwó òun ni mí látọjọ́ pípẹ́, pé a bí ọmọbìnrin kan. Wọ́n tún pariwo ayọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nóra nìkan ni kò bá wọn pariwo. Ó wo ọkọ mi, kò rẹ́rìn-ín sí i mọ́. Ó wá bá mi, ó bi mí ní orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì ń pè é títí ó fi pè é dáadáa.

Nígbà tá a ń rìn lọ síbi tá a dé sí, ọkọ mi bẹ̀ mí. Ó ní òun ò ṣe nǹkan kan, mo ní mo mọ̀. Ó ní níbẹ̀ nìkan ni kò ti sí ẹni tó ń bi òun nípa ilé, pé òun kàn fẹ́ jókòó bí ẹni tí kò ru ẹrù. Mo bi í pé ṣé ẹrù wá ni mí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi lórí títì ọlọ́títì, nínú òjò. Mo ní kó dìde kí wọ́n má tún pàtẹ́wọ́.

A ti padà sí Ṣàgámù. Èmi ni Nóra ń pè lórí fídíò báyìí, èmi ni mo ń gún orógbó. Mi ò ní tàn yín, owú náà ò tíì kúrò tán. Tí mo bá rántí "láti ilé" yẹn, ọwọ́ mi á le lórí ọmọ odó.

Fúráìdeè tó kọjá, ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan wá láti Ipara. Ó mu bíà tá a pọn, ó wá bi mí pé èmi tí mo ti mu ti ibí, tí mo sì ti mu ti Ireland, èwo ló dáa jù. Mo ní ti Ireland ni, mi ò ní parọ́. Ẹnu yà á. Ó ní ṣé màá wá padà lọ mu ún.

Mo ní, "Rárá. Ti ibí yìí ni màá máa mu. Ibi tí wọ́n ti ń pọn ọ́n, wọ́n mọ ẹni tí mo jẹ́ sí ọkọ mi."

Ọkọ mi ò gbójú sókè.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ̀yin ọkùnrin náà, ohun tí mo rí kọ́ rèé: ẹ má wulẹ̀ máa jowú orúkọ tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ nínú ilé. Ẹ béèrè tiyín níbi tí ọkọ tàbí ìyàwó yín ti ń rẹ́rìn-ín. Ṣé wọ́n mọ̀ yín níbẹ̀? Ṣé ẹnì kan ti pè yín ní "láti ilé" rí? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ fún mi, màá kà á tán. Daddy Mofẹ́ náà máa kà á, òun ni mo ní kó máa kà á sókè fún mi.