Igbó Tí Fàtáì Kò Fi Sílẹ̀

Tí ẹ bá ń ti ọ̀nà yunifásítì bọ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè níbí, ẹ máa rí ilé kan tí wọ́n to táyà síwájú rẹ̀. Ilé mi nìyẹn, táyà kì í ṣe tèmi. Ti Fàtáì fókánáísà ni. Ó ní kí n jẹ́ kí òun máa fi iwájú ilé ṣe ṣọ́ọ̀bù, mo gbà, torí iwájú ilé tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kí ni mo fẹ́ jókòó máa wò?

Ará Igbó ni Fàtáì. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mò ń wí, Òkè-Sọ́pẹ́n. Àwa níbí, Igbó la máa ń pè é, a kì í fi Ìjẹ̀bú dá ara wa lágara, ṣebí Ìjẹ̀bú náà ni gbogbo wa. Ọmọ náà mọṣẹ́. Tó bá ti fi etí sí táyà báyìí, ó máa fi ibi tó ti ń jò hàn ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ni a ò rí ẹni bá wa lẹ̀.

Láàárọ̀, ọtí inú ọ̀rá. Lọ́sàn-án, paraga. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á wé igbó, á lọ jókòó sórí táyà bí ọba. Lọ́jọ́ kan ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ewúrẹ́ mi, ó ní, "Ẹ kú ilé o, àwọn ọmọ ńkọ́?" Ewúrẹ́ dá a lóhùn, inú ẹ̀ dùn. Èmi tí mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewúrẹ́, kò kí mi.

Abibat ìyàwó ẹ̀ fara dà á títí. Ọjọ́ tí Fàtáì gbàgbé Haneefah ọmọ wọn sí iléèwé tí gbogbo ọmọ fi lọ tán, Abibat káṣọ, ó fa ọmọ lọ́wọ́, ó di ilé bàbá ẹ̀, Àlájì Mùbàṣírù tó ń ta pákó. Fàtáì lọ bẹ̀bẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ títí. Àlájì ní, "Mi ò gba ẹnu ẹ gbọ́ mọ́. Ọjọ́ tí ẹlòmíì bá sọ fún mi pé o ti jáwọ́, wá mú ìyàwó ẹ."

Ibẹ̀ ni ojú ẹ̀ ti là. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìntì, Gabriel lorúkọ ẹ̀, ló dá ilé kan sílẹ̀ lẹ́yìn ọjà fún àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí àti igbó. Wọ́n ń jókòó, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ẹni tí ara ẹ̀ bá ń gbọ̀n, Gabriel á fún un lóògùn. Orúkọ òyìnbó gígùn kan wà lára ògiri ẹ̀. Jáwọ́ la ń pè é. Fàtáì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí ojú ẹ̀.

Gabriel fẹ́ lọ bá Àlájì sọ̀rọ̀, Àlájì ní rárá. "Gabriel ń polówó ọjà ẹ̀ ni. Ẹni tí kò mọ Fàtáì rí ni mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀."

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó ń fún Gabriel lówó oògùn ní àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá ilé náà ń ṣe ẹnikẹ́ni lóore. Wọ́n rán ọmọ yunifásítì kan kó máa káàkiri, kó máa bi àwọn èèyàn. Moyọ̀sọ́rẹ lorúkọ ẹ̀, ọmọ tó mọ èèyàn kí, ará Òṣogbo. Ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ yà sí.

"Màmá, látìgbà tí Bọ̀dá Fàtáì ti ń lọ sí Jáwọ́, ìyàtọ̀ wo lẹ rí?"

"Ewúrẹ́ mi ní òun ò gbúròó ẹ̀ mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Tó bá jẹ́ máàkì ńkọ́, nínú mẹ́wàá, mélòó lẹ máa fún un?"

"Ṣé ìdánwò ló jókòó fún ni? Wo ilẹ̀ iwájú mi. Tẹ́lẹ̀, ọ̀rá ọtí ni mo máa ń gbá. Báyìí, èèpo ọsàn tí ẹ̀yin ọmọ yunifásítì ń jù sílẹ̀ ni. Kọ ìyẹn."

Ó kọ ọ́.

Bó ṣe bọ́ sọ́dọ̀ Fàtáì ni Waris ọlọ́kadà gbé máṣíìnì ẹ̀ dé, Fàtáì tan kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ó ń fẹ́ táyà, ó ń dáhùn ìbéèrè. Ariwo yẹn ò jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan kan, inú sì ń bí mi. Ojú wọn nìkan ni mò ń wò. Ọmọbìnrin yìí béèrè nǹkan kan, Fàtáì na ọwọ́ sí ọ̀nà Òkè-Sọ́pẹ́n, ó fọwọ́ lu àyà. Ni ojú ọmọbìnrin náà bá rẹ̀wẹ̀sì.

Fàtáì pa kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Ó ní, "Ó yá, jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ bàbá ìyàwó mi. Ohun tí mo sọ fún ẹ, sọ ọ́ fún wọn."

"Bọ̀dá, a kì í sọ ohun tí èèyàn bá bá wa sọ síta."

"Èmi ni mo lọ̀rọ̀ mi. Mo ní kó o sọ ọ́."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Mo ti wé gèlè. Ta ló máa dúró nílé?

A bá Àlájì nídìí pákó, ó mú tépù dání, ó ń wọn igi. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, Ọlọ́run ń gbọ́. Ṣé ó ti jáwọ́?"

Moyọ̀sọ́rẹ wolẹ̀. "Àlájì, ó ní òun ti fi ọtí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bi í pé ṣé ó ti fi igbó sílẹ̀, ó ní òun ò lè fi igbó sílẹ̀ láéláé."

Àlájì yíjú sí pákó ẹ̀, ó ń bá wíwọ̀n lọ. Lójú tiẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán.

"Èmi kẹ̀?" ni Fàtáì wí.

"Bọ̀dá, ẹ tiẹ̀ fọwọ́ lu àyà. Ẹ ní ibẹ̀ ni wọ́n bí yín sí, ibẹ̀ ni wọ́n sin bàbá yín sí, pé tí Iléyá bá dé tí ẹ ò sí níbẹ̀, mọ̀lẹ́bí á bínú."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́yìn pákó. Abibat ni. Ó ń nu omijé jáde wá. "Bàbá, ìlú wọn ló ń sọ. Àǹtí, ibo lo ti wá?"

"Òṣogbo."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

Mo ní, "Ọmọ mi, tó o bá ń bi ará Igbó bẹ́ẹ̀, wàá kọ ọ́ síwèé pé gbogbo ìlú ló ń fà á, àti lemọ́ọ̀mù."

Àlájì ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rín kọ́ ni mo ní kí ẹ wá rín. Bi í lójú mi, kó yé gbogbo wa."

Moyọ̀sọ́rẹ kọjú sí Fàtáì. "Bọ̀dá, igbó tí wọ́n ń wé, tí wọ́n ń ṣáná sí, ṣé ẹ ṣì ń fà á?"

"Mi ò fà á mọ́. Ó ti pẹ́."

Kó dákẹ́ síbẹ̀, mo ń fojú sọ fún un. Kò dákẹ́. "Àmọ́ ọtí, mo mu ún lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn Iléyá. Mo wá wo Haneefah níbí, wọ́n ní ó ti sùn, mo sì ń gbọ́ ohùn ẹ̀ nínú ilé. Mo mu ọ̀kan lọ́nà. Ilẹ̀ mọ́, mo lọ sọ fún Nọ́ọ̀sì Gabriel. Mi ò tún mu látìgbà náà."

Àlájì rọra ká tépù ẹ̀. "Èmi ni mo ní ó ti sùn."

Abibat ní, "Bàbá, mo ti mọ̀ tipẹ́ pé ó ti jáwọ́."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Tó bá wá, ẹ̀yin ló ń kọ́kọ́ kí. Tẹ́lẹ̀, ẹran tẹ́ ẹ so yẹn ni."

Àlájì wo ẹran, ó wo ọkọ ọmọ ẹ̀. "Lọ di ẹrù ẹ," ló sọ fún Abibat. "Ẹ máa jẹun kẹ́ ẹ tó lọ."

Moyọ̀sọ́rẹ sún mọ́ mi, bíírò dání. "Màmá, báwo ni kí n ṣe kọ èyí?"

"Kọ ọ́ pé igbó méjì ló wà. Ó fi ọ̀kan sílẹ̀."

A jẹun tán, a ń lọ. Haneefah di ọwọ́ bàbá ẹ̀ mú. Ìgbà tí a dé ibi tí wọ́n so ẹran mọ́, ó dúró. "Bàbá, ẹ ò kí i?"

Fàtáì wo ẹran, ẹran náà wò ó.

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí," ló wí, ó gbé ọmọ ẹ̀ kọ́ èjìká.