Ìrẹ̀ tí Àwáwù ń Retí

Lánàá, ẹnì kan fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí àwa òbí tó wà nínú gúrúùpù kíláàsì àwọn ọmọ wa. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ jẹ ìrẹ̀ tàbí tata mọ́, pé májèlé ni wọ́n ti dà báyìí. Kò parọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò pé. Ohun tí ojú èmi rí nídìí ìrẹ̀ lọ́dún yìí ni mo fẹ́ sọ, kí ẹ bá mi dá a rò.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní Ìsẹ́yìn ńbí mọ̀ pé ẹ̀rù tètè máa ń bà mí lórí ọ̀rọ̀ ọmọ. Ọkọ mi máa ń sọ pé tí Àwáwù, ọmọ wa, bá sín lẹ́ẹ̀kan péré, èmi ti ń wá bàtà tí a ó wọ̀ lọ sílé ìwòsàn. Ó dáa, kó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyá mi ní Òfìkì ló mú Àwáwù mọ adùn ìrẹ̀. Bí òjò bá ti rọ tán, tí ilẹ̀ rọ̀, ìyá mi á gbẹ́ wọn lẹ́yìnkùlé. Á já ẹsẹ̀ àti ìyẹ́ wọn, á fa ìfun wọn yọ, á bu iyọ̀ díẹ̀ sí wọn, á wá yan wọ́n lórí ẹyín iná títí wọ́n á fi gbẹ táútáú. Tí a bá fẹ́ padà sílé, á dì wọ́n sínú ewé fún ọmọ ọmọ rẹ̀. Ìyá mi kú lọ́dún tó kọjá. Láti ìgbà náà, bí òjò bá ti ṣú, Àwáwù á bi mí pé, "Mọ́mì, ta ni yóò yan ìrẹ̀ fún mi báyìí?"

Èmi gan-an ń wá òórùn ìrẹ̀ yíyan yẹn kiri. Nígbà mìíràn tí mo bá ń dáná, tí èéfín wọ̀ mí lójú, ó máa ń ṣe mí bíi kí n pe ìyá mi kó wá bá mi to igi náà.

Mi ò lè ra ìrẹ̀ lọ́jà, torí mi ò mọ oko tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Oògùn ni wọ́n ń fín sí oko báyìí. Ìyá Sàkírù, ọ̀rẹ́ mi tó ń sin ẹja àrọ̀ ní Ṣakí, tó sì tún ń sin ìrẹ̀, ló ní kí n sìn ín fúnra mi. Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣebí o ń sin adìẹ? Èyí ò tiẹ̀ ní ṣu sẹ́nu ọ̀nà fún ọ."

Ó fún mi ní yẹ̀pẹ̀ tútù tí ìrẹ̀ yé ẹyin sí. Mo wá bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ga, mo to páálí ẹyin adìẹ sínú rẹ̀ kí wọ́n lè ríbi sá pamọ́ sí, mo fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu rẹ̀. Tí èèyàn bá bu omi sínú àwo fún wọn, wọ́n á kú sínú rẹ̀. Nítorí náà, òwú tó ṣẹ́ kù nídìí òfì ọkọ mi ni mo ń rẹ sínú omi fún wọn. Aṣọ òkè ló ń hun, òwú kì í wọ́n nílé wa.

Nígbà tí wọ́n jáde nínú ẹyin, tí wọ́n sì dàgbà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ọkọ mi ní, "Ìyá Àwáwù, ṣé kò sí bí o ṣe lè bẹ àwọn àlejò rẹ yìí kí wọ́n sinmi?" Bí mo bá jókòó ti bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn nírọ̀lẹ́, Òfìkì ni mo wà. Àwáwù á gbórí lé mi lẹ́sẹ̀, á ní, "Ẹ gbọ́, bíi ti ilé ìyá àgbà."

A fi àdéhùn sí Sátidé pé a ó yan àkọ́kọ́. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, Bàbá Ràfíù, aládùúgbò wa tó ń dáko ẹ̀wà, gbé ewé ẹ̀wà tútù wá fún wọn. Ẹ mọ̀ wá ní ilẹ̀ yìí, ẹni tó bá ti oko dé kì í kọjá lẹ́nu ọ̀nà ẹni lọ́wọ́ òfo. Mo bi í bóyá ó fín oògùn sí i. Ó ní òun fín in lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò ti fọ̀ ọ́ lọ. Ó wá ní, "Àbí ìrẹ̀ tìrẹ fẹ́ lọ sí Mẹ́kà ni, tí o fi ń bi mí tó báyìí?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣé kí n wá dá ewé padà fún àgbàlagbà? Mo fi omi iyọ̀ fọ ewé náà, mo tún ṣàn án, kí n tó fi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo kírun àsùbáà tán ni mo tó kíyè sí i pé ilé dákẹ́. Mo ṣí nẹ́ẹ̀tì. Gbogbo wọn ti na ẹsẹ̀ sókè.

Àwáwù ti jí, ó ti gbé àwo iyọ̀ dání. Ó wo inú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Mọ́mì, wọn ò tíì bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká tètè yan wọ́n." Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ bí ojú ọmọ ṣe máa ń bẹ èèyàn. Wọn ò rùn. Ewé tí mo fọwọ́ ara mi fọ̀ ni wọ́n jẹ. Ó kù díẹ̀ kí n dá iná.

Ìyá mi ni mo rántí. Kó tó já ẹsẹ̀ ìrẹ̀, á kọ́kọ́ gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. Èyí tí kò bá fò, á jù ú nù. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Mi ò mọ ohun tó pa á. Ohun tí mi ò bá mọ ohun tó pa á, ọmọ mi ò ní jẹ ẹ́."

Mo sọ ọ́ fún Àwáwù. Ó bi mí bóyá ìyá àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé iyọ̀ padà sáàyè rẹ̀. Kò sunkún, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. A gbẹ́lẹ̀ jìn, a bò wọ́n mọ́lẹ̀ kí adìẹ má baà ṣà wọ́n jẹ.

Nígbà tí Bàbá Ràfíù gbọ́, ó wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì wa, kò ṣàwàdà mọ́. Ó ní òun ò mọ̀ pé oògùn náà ń wọ inú ewé, tí òjò tàbí omi iyọ̀ ò fi lè fọ̀ ọ́ kúrò. Ló bá dìde lójijì: ìyàwó rẹ̀ ti já nínú ewé kan náà láti fi sebẹ̀! Ó sáré lọ sílé, ó sì bá a kó tó gbé e kaná. Alihamudulilai.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ìrẹ̀ kọ́ ni májèlé, ohun tí a fi bọ́ ọ ni. Ìyá Sàkírù ti fún mi ní yẹ̀pẹ̀ mìíràn. Ewé tẹ̀tẹ̀ tí mo gbìn sínú àpò lẹ́yìnkùlé ni mo ń fún wọn báyìí. Wọ́n ṣì kéré, wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bí Àwáwù bá ti iléèwé dé, kó tó bọ́ aṣọ, á fi etí lé bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, tí ẹ bá fẹ́ fún èèyàn ní ewé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìgbà tí ẹ fín oògùn sí i, kódà bí ẹnikẹ́ni ò bi yín. Ẹ̀yin tí ẹ ti sin ìrẹ̀ tàbí ẹja rí, ẹ kọ ohun tí ẹ fi ń bọ́ wọn síbí fún mi.