Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Ọ̀nà Oyin

Ìyá Oníkoríko ni gbogbo ilé ń pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òun náà sì gbà á bí orúkọ. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn kí orúnkún rẹ̀ tó kọ̀ fún un. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbà á síṣẹ́ láti máa tọ́jú ọ̀nà òdòdó, wọ́n sì fún àwa méjèèjì ní yàrá méjì. Yàrá tí òjò kì í jò sí! Ẹni tó bá ti gbé abọ́ sábẹ́ òrùlé rí ni yóò mọ ohun tí mò ń wí. Èmi àbúrò rẹ̀, alágbàfọ̀, ni mò ń sọ ọ́ yìí, mi ò sì ní gbè sẹ́yìn ara mi.

Ilé olówó pọ́ọ́kú ni tiwa, ìlà mẹ́fà. Ẹni tó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fi àdéhùn kan sí i: ọ̀nà òdòdó gbọ́dọ̀ gba ẹ̀yìn gbogbo ilé ìdáná wa, láti etí odò títí dé ọgbà orí òkè, kí oyin àti labalábá lè máa gba ibẹ̀ kọjá láìsí ibi tó já. Ọdọọdún ni wọ́n ń wá ka oyin. Bí wọn ò bá rí i lọ́dún méjì tẹ̀ léra, ilẹ̀ á padà sọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀, kí wọ́n ṣe é bó ṣe wù wọ́n. Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan fín oògùn ẹ̀fọn sẹ́yìn fèrèsé rẹ̀, wọn ò sì rí oyin kan. Ọdún kan ṣoṣo ló kù fún wa.

Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń ṣiṣẹ́ máa ń bí mi nínú. Bí òdòdó bá rọ, kì í gé pòròpórò rẹ̀. Á fi í sílẹ̀ ní gbígbẹ, bí irun tí kò rí òòyà lọ́dún kan. Ó ní àwọn oyin kan wà tí kì í gbé inú afárá, tí kì í ta èèyàn. Inú ihò pòròpórò ni wọ́n ń yé ẹyin sí, wọ́n á sì fi amọ̀ dí ẹnu rẹ̀.

“Àwọn ọmọ mi ń sùn níbẹ̀,” ló máa ń wí.

“Ẹ kúkú bá wọn tẹ́ ẹní,” ni mo máa ń dá a lóhùn.

Mo gbọ́ o. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́. Mo kàn kà á sí agídí ni.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n wá ka oyin lọ́dún yìí, àwọn ọkùnrin méjì bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí òpópónà wa. Wọn kì í kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń fa okùn ìwọnlẹ̀, wọ́n ń kan èèkàn sétí ọ̀nà òdòdó, wọ́n ń kun orí rẹ̀ ní pupa. Onídìrí tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wọ̀n. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ ò ní pẹ́ mọ̀, mà.” A mọ̀ pé àwọn ọmọ onílẹ̀ ló rán wọn. Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi fẹsẹ̀ kọ ọ̀kan nínú èèkàn yẹn, ó ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ dá. Ilé ìwòsàn tó ti ń nu ilẹ̀ rẹ̀ náà ni wọ́n gbé e lọ.

“Máa bomi rin wọ́n,” ló wí lórí ibùsùn. “Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan pòròpórò yẹn. Àwọn nìkan ni oyin tó kù fún wa, ó sì ku díẹ̀ kí wọ́n jáde.”

“Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi.”

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n wá kà wọ́n, mo dúró lójú fèrèsé, mo wo ẹ̀yìn ilé, ojú tì mí. Àlejò ńlá ń bọ̀, ṣé igbó ló máa kí wọn káàbọ̀? Mo kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé. “Ẹ jẹ́ ká bá Ìyá Oníkoríko tún ibẹ̀ ṣe kó tó dé.” Gbogbo wọn jáde, torí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. A gé e, a gbá a, a kó o jọ, a dáná sun ún. A tiẹ̀ ń kọrin. Òdòdó tútù nìkan la fi sílẹ̀. Ìgbà tí iná náà kú ni mo ṣàkíyèsí pé ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Mo sọ fún ara mi pé ó ti rẹ̀ mí ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn gbé ẹ̀gbọ́n mi dé, mo sì fi ẹ̀rín tì í lọ sẹ́yìn ilé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

“Pòròpórò mi dà?”

“A ti tún ibẹ̀ ṣe, ẹ̀gbọ́n mi. A ti sun ún.”

Kò pariwo. Ká ní ó tiẹ̀ gbá mi létí! Ó kàn di ọwọ́ mi mú. “Ìwọ,” ló wí. “Ìwọ tí mo sọ fún.”

Obìnrin tó wá ka oyin jókòó sórí àpótí láti aago mẹ́jọ títí di ọ̀sán, ìwé lórí itan rẹ̀. Àwọn ará ilé tò sẹ́yìn rẹ̀ nínú aṣọ tó dáa jù tí wọ́n ní. Wọn ò tíì mọ nǹkan kan. Àwọn ọkùnrin èèkàn dúró ní òdìkejì, wọ́n ń wo aago. Oyin kan ò fò kọjá. Nígbà tó yá, obìnrin náà fa ìlà sójú ibi tó yẹ kó kọ iye oyin sí nínú ìwé rẹ̀, ó dìde, ó wò yíká. Bóyá àánú wa ló ṣe é, mi ò mọ̀. Ó ní, “Ibí yìí mọ́ tónítóní o. Ẹ kú iṣẹ́.”

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé a ti yege. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi nìkan la ò pàtẹ́wọ́.