Mọ́nítọ̀ Mẹ́ta Tí Kà-á-fún-mi Pè Ní Òkú

Ó ti rẹ Kà-á-fún-mi kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ má bi mí pé báwo ló ṣe ń rẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ẹ kọ́kọ́ lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lábẹ́ tábìlì onítábìlì, kẹ́ ẹ máa fa wáyà, kẹ́ ẹ máa gbọn eruku inú kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn náà ká wá jọ sọ ọ́. Ó jókòó sétí ibùsùn, ó ń fi ẹsẹ̀ wá sálúbàtà, ni ìyàwó rẹ̀ bá fi káàdì kékeré kan sí i lọ́wọ́.

"Aago mẹ́wàá òní ni dókítà ojú ní kẹ́ ẹ wá o. Ẹ̀ẹ̀mẹta rèé tẹ́ ẹ ti yẹ ọjọ́ yìí."

"Mo gbọ́."

"Gbígbọ́ kọ́, bàbá àwọn ọmọ. Lílọ ni."

"Ojú mi ò ṣe nǹkan kan. Àwọn mọ́nítọ̀ gbàrọgùdù tí wọ́n ń kó fún wa níbi iṣẹ́ ló ń ṣe kúrukúru."

"Ẹn-ẹ́n. Ti tíì àná ńkọ́, tẹ́ ẹ bu iyọ̀ sí? Mọ́nítọ̀ ló bu iyọ̀?" Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, làpálàpá lẹ̀ ń pa kiri. Ẹ ṣáà fi káàdì yẹn sápò."

Ó fi í sápò. Kò wò ó, torí ó mọ̀ pé bí òun bá wò ó, funfun lásán lòun máa rí. Ohun tó ń dà á láàmú kò ju ẹyọ kan lọ, kò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni: bó bá jẹ́ mọ́nítọ̀ ló bàjẹ́, a ó pààrọ̀ mọ́nítọ̀. Bó bá jẹ́ ojú, kí la fẹ́ pààrọ̀? Iṣẹ́ tán nìyẹn, kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn láyé.

Ibi tó ti ń wá sálúbàtà kejì ni fóònù ti dún. Akọ̀wé ọ́fíìsì omi ni, obìnrin kan tí kò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, tí ẹnu rẹ̀ máa ń yá ju ẹsẹ̀ lọ.

"Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kọ̀ǹpútà wa tún ti gbé tirẹ̀ dé. Mo tàn án, lẹ́tà sáré díẹ̀, gbogbo ẹ̀ wá dúdú kirikiri."

"Ìwọ náà ò rí nǹkan kan?"

"Kí ni mo fẹ́ rí, sà? Bí ìsàlẹ̀ ìkòkò ló rí."

Ẹ gbà mí gbọ́, inú ọkùnrin náà dùn. Àárẹ̀ ara rẹ̀ fúyẹ́ lójijì. Ẹlòmíràn náà wo mọ́nítọ̀, kò rí nǹkan! Ó wọ ẹ̀wù, ó gbé báàgì irinṣẹ́, ó sì kọjá níwájú ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó jàre ẹjọ́.

Ó yẹ kí n sọ bó ṣe jẹ́ orúkọ ìnagijẹ yẹn. Nígbà tó ṣì lágbára, tí wọ́n bá pè é pé kọ̀ǹpútà ń ṣe ségesège, kì í kọ́kọ́ wò ó. Á dúró lẹ́yìn oníṣẹ́, á ní, "Kí ló kọ síbẹ̀? Kà á fún mi." Ó ní ẹni tí kò bá ka ohun tí ẹ̀rọ ń sọ, títí ayé láá máa pe atúnṣe. Wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ títí tó fi di orúkọ. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún kan sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ti yí. Bó bá ti ní "kà á fún mi" báyìí, kì í ṣe pé ó ń kọ́ ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ni kò rí i kà, àṣà àtijọ́ sì bò ó láṣìírí dáadáa.

Àtẹ̀gùn ọ́fíìsì omi jẹ́ mẹ́tàlélógún. Tẹ́lẹ̀ kì í kà á, àmọ́ ó ti ń kà á báyìí kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà ṣì í. Nísàlẹ̀, àwọn mẹ́rin tó ń ṣí páìpù jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n kó irin ìṣípáìpù sẹ́sẹ̀, wọ́n ń yán. Ìwé òpópónà tí omi yóò dé lónìí ni wọ́n ń dúró dè, inú kọ̀ǹpútà òkè nìwé ọ̀hún sì wà.

"Ọ̀gá Kà-á-fún-mi, ẹ bá wa jí òkú yẹn o," ọ̀kan nínú wọn ní. "Ìyàwó mi náà ń retí omi."

"Òkú kọ́. Ó kàn sùn ni."

Kọ̀ǹpútà náà ti dàgbà. Kò ní àwòrán, kò ní eku tí à ń fà kiri orí tábìlì. Ilẹ̀ dúdú ni, lẹ́tà funfun ni. O ó tẹ àṣẹ, òun náà á fèsì, ó parí. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọdé ti ní kí wọ́n jù ú nù, ṣùgbọ́n gbogbo páìpù abẹ́ ilẹ̀, òun nìkan ló mọ ibi tí wọ́n gbà.

Lórí rẹ̀ ni mọ́nítọ̀ kékeré kan jókòó sí, tí Kà-á-fún-mi gbé wá láti ilé lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ̀kẹrin rèé láàárín oṣù mẹ́jọ; ìrọ̀lẹ́, tí gbogbo wọn bá ti lọ sílé, ló máa ń wá pààrọ̀ wọn, kò sì sẹ́ni tó ń bá ọ̀gá jiyàn. Mẹ́ta ìṣáájú wà nínú yàrá ẹrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó sì ti lẹ bébà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: Ó TI KÚ. Gàdàgbà gàdàgbà ló kọ ọ́.

"Tàn án," ó ní.

Akọ̀wé tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀rọ náà dún píì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

"O gbọ́ yẹn? Ẹ̀ẹ̀kan ni. Bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́, á dún lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin. Ara rẹ̀ le. Kí lo rí?"

"Lẹ́tà ń sáré… ó ń sáré… áà! Ó ti dúdú."

"Tẹ bọ́tìnì nọ́ńbà lára kíbọ́ọ̀dù, kó o wo iná kékeré òkè yẹn."

"Ó tàn. Mo tún un tẹ̀, ó kú."

"Á jẹ́ pé ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Dìde ná."

Ó jókòó. Ẹ wò ó: mọ́nítọ̀ dúdú, ojú rẹ̀ sì wà lára ògiri, ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wá ń jó. Ó tẹ orúkọ ìwọlé, ó tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí, ó dúró díẹ̀, ó tẹ àṣẹ ìtẹ̀wé. Kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan. Ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé igun yàrá bá húkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ ìwé jáde, òpópónà lẹ́yìn òpópónà.

"Yéè!" Akọ̀wé pàtẹ́wọ́. "Ọ̀gá, ẹ ò mà wo nǹkan kan!"

"Ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n," ó ní. Inú rẹ̀ dùn fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó wá rántí pé ọjọ́ pẹ́ tí ọwọ́ nìkan ti ń dá a ṣe, àárẹ̀ òwúrọ̀ sì padà wá jókòó sí i léjìká.

Akọ̀wé já ìwé, ó sáré gbé e fún àwọn ará ìsàlẹ̀, ó padà wá, ó ń mí hẹlẹ.

"Ṣé ó ti parí nìyẹn, sà?"

"Kò tíì parí. Ẹ̀rọ ò ṣe nǹkan kan. Tó bá ń jí, lẹ́tà ńláńlá ló kọ́kọ́ ń lò, gbogbo mọ́nítọ̀ ló gba ìyẹn. Tó bá jí tán, á yí i sí wínníwínní. Ó jọ pé mọ́nítọ̀ yìí ò lágbára wínníwínní."

"Ṣé ẹ ò dán an wò lọ́jọ́ Ẹtì ni?"

Ó fọwọ́ kan wáyà ẹ̀yìn mọ́nítọ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó rí i pé iná tàn, pé nǹkan funfun kan sáré kọjá, ó sì ti lọ sílé. Ó rẹ̀ ẹ́.

"Ó dáa," Akọ̀wé ní, "ẹ jẹ́ kí n gbé ọ̀kan nínú ti yàrá ẹrù wá."

"Àwọn yẹn ti kú."

"Mo mọ̀. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé a kì í fi mọ́nítọ̀ kan ṣoṣo dá kọ̀ǹpútà lẹ́jọ́. Ká ṣáà dán an wò. Kí lòkú fẹ́ fi ṣe wá?"

Kí ló fẹ́ sọ? Òfin iṣẹ́ rẹ̀ ni, òun ló fi kọ́ ọmọ. Ó fẹ́ ní kó má lọ, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti lọ. Ó gbọ́ tó ń fa nǹkan lórí ilẹ̀, tó ń sín nítorí eruku.

Akọ̀wé gbé e ka tábìlì, ó ki wáyà bọ̀ ọ́, ó tẹ bọ́tìnì. Píì. Lẹ́tà sáré. Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó sì dúró.

"Háà! Ọ̀gá! Ó hàn kedere! Ẹ wo lẹ́tà bí wọ́n ṣe tò!"

Kà-á-fún-mi wò ó. Ó yọ awò ojú, ó fi etí ẹ̀wù nù ún, ó tún wò ó. Kúrukúru ni, bí ẹni ń wo ìta láti inú fèrèsé tí ooru omi gbígbóná bò.

"Gbé èkejì wá," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti wọlẹ̀.

Èkejì tàn. Ẹ̀kẹta náà tàn. Akọ̀wé ti ń rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, kò sí èyí tó kú nínú wọn o! Àwọn aláàyè lẹ lọ sin!" Ó yíjú pé kí àwọn jọ rẹ́rìn-ín, ó rí i bí bàbá náà ṣe na ọrùn sí mọ́nítọ̀ tí imú rẹ̀ fẹ́ẹ̀ kàn án, ẹ̀rín náà sì kú mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ọ̀gá," ó ní jẹ́jẹ́, "ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ rí?"

Kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè yẹn rí láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Òun ló máa ń bi wọ́n.

"Mi ò rí nǹkan kan, ọmọ mi. Ó ti tó ọdún kan. Mo ní mọ́nítọ̀ ni. Mo ní kó jẹ́ mọ́nítọ̀." Ó gbé ọwọ́ lé àyà. "Ẹ̀rù ń bà mí gan-an."

Akọ̀wé fa àga, ó jókòó tì í. Bàbá náà nawọ́ sí bébà tó lẹ̀ mọ́ mọ́nítọ̀ iwájú rẹ̀, ó fẹ́ ṣí i kúrò, ìka rẹ̀ ò rí etí bébà. Ọmọ náà bá a ṣí i. Ó ṣí ti èkejì, ó ṣí tẹ̀kẹta, ó rún wọn pọ̀.

Bàbá náà ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa káàdì yọ.

"Kà á fún mi."

"Ọjọ́ Ajé. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀." Ó wo aago ara ògiri. "Ó ti lé ní ogún ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n wọ́n á ṣì wà níbẹ̀, sà. Ẹ dìde, màá sìn yín." Ó ti gbé báàgì irinṣẹ́ kọ́ apá kó tó yí káàdì náà sẹ́yìn. "Wọ́n kọ nǹkan sẹ́yìn rẹ̀. Bíírò ni wọ́n fi kọ ọ́."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"'Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka èyí fún ọkọ mi, ẹ ṣeun. Mo mọ̀ pé kò lè dá a kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dì í lọ́wọ́ mú, kẹ́ ẹ mú un wá. Mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà dókítà, mo ń dúró dè é.'"

Kà-á-fún-mi na ọwọ́ sí ọmọ náà kó fà á dìde, ó sì ní kó tún un kà.